Orí Kẹta: Oúnjẹ Tó Ń Tu Ọkàn Lára, Ìtọ́nà fún Ìdáná Ọmọ́le

Ẹni tí ibà bá ti dá dùbúlẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ara nìkan ni ibà ń bá jà. Oúnjẹ kò ní í wù ú jẹ, ọ̀rọ̀ kò ní í wù ú sọ, ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín kò ní í jọ ọ́ lójú mọ́. Kí wọ́n ṣáà fi òun sílẹ̀ lórí ibùsùn ló ń fẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara ló ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá kòkòrò ibà jà, èròjà wọ̀nyí ló sì ń ránṣẹ́ dé ọpọlọ pé kó dẹwọ́. Bí ibà bá lọ, ọkàn á padà sí ipò rẹ̀.

Irú ìjà yẹn náà ló ń mú kí ojú egbò pọ́n, kó wú, kó sì gbóná. Ìjà rere ni, nítorí òun ló ń mú egbò jinná. Èyí tí orí yìí ń bá wí ni èyí tí kì í parí: kò sí egbò, kò sí ibà, síbẹ̀ ara ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lóṣù dé oṣù, bí iná tó fara pamọ́ sábẹ́ eérú. Iná abẹ́lẹ̀ ni màá máa pè é. Ọ̀rá tó kó jọ sí ikùn, àìsùn tó, sìgá mímu, wàhálà tí kò dáwọ́ dúró, àti ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ wà lára ohun tó ń koná mọ́ ọn.

Pé iná yìí lè dé ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Nígbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ interferon wo àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, abẹ́rẹ́ tó ń ru ìjà ara sókè ni, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ọkàn wọn balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sínú ìsoríkọ́ kí ìtọ́jú náà tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ìsoríkọ́ wò léraléra, tí wọ́n sì rí i pé èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní CRP, ga ju bó ṣe yẹ lọ lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹnì kan nínú mẹ́rin ni mo wí. Ohun mìíràn náà ń fa ìsoríkọ́: ọ̀fọ̀ wà, gbèsè wà, èyí tó ń bá ìdílé wá wà, ìyà tí ojú ọmọdé rí wà. Oúnjẹ kò lè san gbèsè. Ṣùgbọ́n ó lè yọ igi kan kúrò nínú iná, ẹni tí ẹrù rẹ̀ sì ti pọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Ọmọ́le àti aago

Ọmọ́le l'Ékòó kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ti wọ́n. Phase 1 wà láàárín Ọ̀gbà àti Ojódù, Phase 2 kọjú sí Ìṣẹrì àti Magodo, kò sì sí ọ̀nà téèyàn máa gbà jáde tí kò ní í bá ọjà pàdé. Aago ló ń ba oúnjẹ wa jẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Agídíńgbì, ní òpópónà Ọba Akran tàbí ní Acme Road á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù á ti ṣáájú rẹ̀ dé Berger. Búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìrẹsì funfun àti ẹran díndín lọ́sàn-án, lálẹ́ patapata ohun tó bá yá gbóná jù lọ. Ojú ọ̀nà yìí ni iná abẹ́lẹ̀ ń gbà wọlé tọ̀ wá, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìyá tó bí wa mọ ẹ̀fọ́, àwa náà mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, n kò ní í rán yín ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ ra ẹja salmon, èso blueberry tàbí epo ólífì. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n owó tí ẹ máa ná sórí wọn á ra ẹ̀wà, ẹja ṣáwá àti ewébẹ̀ tí gbogbo ilé máa jẹ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wá láti ilé. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè: ọmọ Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì wà lára àwọn tó bá a dé òpin. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn tó ń mú àgbàlagbà ṣarán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ọkà, iṣu, ewébẹ̀ àti ẹja díẹ̀ ni àwọn ará Ìdíkàn ń jẹ, ọ̀rá inú oúnjẹ wọn kò pọ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, àwọn onímọ̀ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kó dá wa dúró pé nígbà tí ayé ń wá oúnjẹ tó lè gba ọpọlọ là, ọbẹ̀ ìyá àgbà n'Ìdíkàn wà lára ibi tí wọ́n wò.

Ẹ̀kejì jẹ mọ́ ìsoríkọ́ gan-an. Ní Ọsirélíà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felice Jacka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ènìyàn 67 tí ìsoríkọ́ ń bá fínra sí ọ̀nà méjì. Onímọ̀ oúnjẹ ń tọ́ apá kan sọ́nà, apá kejì ń rí ẹni bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń gba ìtọ́jú mìíràn tẹ́lẹ̀, oúnjẹ kàn kún un ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àwọn tí ìsoríkọ́ wọn lọ sílẹ̀ débi tí a kò fi lè pè é ní àìsàn mọ́ jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún lápá oúnjẹ, wọ́n sì jẹ́ 8 lápá kejì. Èsì náà jáde ní 2017. Àwọn ènìyàn náà kéré níye, wọ́n sì mọ apá tí wọ́n wà, nítorí náà n kò ní í fi búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo oúnjẹ tí wọ́n fún wọn, ẹ̀wà, ewébẹ̀, èso, ẹja, ọkà tí wọn kò bó, ẹ ó rí i pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀ bí kò ṣe epo ólífì.

Ẹ̀kẹta ló súnmọ́ wa jù lójú tèmi. Ní agbègbè òkè Kilimanjaro ní Tanzania, ọ̀dọ́kùnrin 77 tí ara wọn le ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2025. Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀, wọ́n gbé wọn sórí búrẹ́dì funfun, sọ́séèjì àti ọ̀dùnkún díndín fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àmì iná abẹ́lẹ̀ gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ìgbàlódé, wọ́n dá wọn padà sí ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti ọkà. Tiwọn lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó bá kúrò ní Ìkirè tàbí Ìlárá wá gba iṣẹ́ ní Ọ̀gbà ti ṣe irú ìyípadà yìí láìsí dókítà kankan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ máa rà

Ẹ̀fọ́ ni kó ṣáájú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, gbúre, ẹ̀bọ́lọ́, ewédú, ugwu: ẹ má ṣe di ti ẹyọ kan mú, kí ẹ máa yí i padà. Wọ́n ní folate, èyí tí ọpọlọ ń lò tí ó sì sábà máa ń kéré lára àwọn tí ìsoríkọ́ mú. Wọ́n ní magnesium àti èròjà inú ewé tó ń bomi pa iná abẹ́lẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ewébẹ̀ tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé wa ni pé èbà á ga bí òkìtì, ẹ̀fọ́ á sì jẹ́ ìtọ́wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yí i padà. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí òkèlè gba ìdá mẹ́rin, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba èyí tó kù. Bí mo bá ní kí ẹ ṣe ohun kan ṣoṣo nínú orí yìí, èyí ni.

Ẹ lọ sí Sunday Market ní Ọ̀gbà tàbí Ilé-Epo lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oníṣòwò kò fẹ́ kí ewé sùn mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí etí gọ́tà àti ojú títì ni wọ́n ti ń gbin òmíràn l'Ékòó. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, tí ẹ bọ̀ ọ́, tí ẹ tún fún omi rẹ̀ nù, folate ti bá omi lọ. Ewúro nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n gé kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ìyẹn náà kò gbọdọ̀ di ewé funfun tí kò korò rárá.

Ẹja tẹ̀ lé e. Ọ̀rá omega-3 tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò sí nínú salmon nìkan. Ó wà nínú títus, ó wà nínú ṣáwá, ó wà nínú kòtẹ àti sadíìnì inú agolo. Panlá dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kéré, kò lè dípò àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ ẹja ọlọ́ràá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sè é sínú ọbẹ̀ tàbí kí ẹ yan án. Tí ẹ bá dín in nínú epo jíjìn, ẹ ti fi ọ̀rá tí ẹ sanwó rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tí ẹ kò nílò. Ẹni tí kò jẹ ẹja rárá lè fẹ̀yìn ti àsálà nígbà òjò. Ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ ìbátan omega-3 inú ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ara ń sọ di irú ti ẹja.

Ẹ̀wà kò nílò alágbàwí láàárín àwa Yorùbá. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé òkúdùn rẹ̀, apá tí ikùn wa kò lè dà, ni oúnjẹ àwọn kòkòrò rere inú ìfun. Wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà tó ń tu ìfun lára tó sì ń dẹ ìjà ara lọ́wọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kí ẹ da omi rẹ̀ nù bó bá ń fún ikùn yín. Mọ́ínmọ́ín, èkuru, ẹ̀wà aríro, gbogbo rẹ̀ dára. Àkàrà náà jẹ́ ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ epo rẹ̀ nìkan ni màá padà sí.

Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn kò bó tán sàn ju funfun lọ, ìlú tó sì ti gba orúkọ kò jìnnà sí wa, lójú ọ̀nà Ìbàdàn lẹ́yìn Berger. Ó wọ́n díẹ̀, nítorí náà ẹ lè pò ó mọ́ funfun. Ọ̀gì bàbà sàn ju ọ̀gì funfun lọ. Èso, ẹ jẹ ẹ́ bó ṣe wà, ẹ má ṣe fún un mu: ìbẹ́pẹ, gúáfà, ọsàn, agbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, máńgòrò bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé yín bá pọ̀, ẹ kó ara jọ lọ sí ọjà èso Kétu, kí ẹ sì gba Máìlì 12 kọjá fún ata àti tòmátì.

Nípa atalẹ̀, áyù àti ata ilẹ̀ pupa: ẹ sè wọ́n sínú oúnjẹ. Ara kì í tètè gba èròjà ata ilẹ̀ pupa, ata iyèré díẹ̀ àti epo inú ọbẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń wo ìrònú, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí pọ̀, ẹ pa owó yín mọ́ fún ẹ̀fọ́.

Nínú ìdáná

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, tó ti dúdú tó sì ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, ti bàjẹ́, ẹ má ṣe da tuntun lé e. Epo pupa pọ́n nítorí èròjà carotene, bíbọ́ rẹ̀ títí tó fi ń rú èéfín ló ń pa èròjà yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ má bọ́ ọ funfun. Ní ti bọ́tà líle àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe mít-páì, òfin NAFDAC ti 2022 sọ pé ọ̀rá trans kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ọ̀rá, nítorí náà ẹ máa ka ara páálí kí ẹ tó rà.

Irú yẹ kó padà sínú ọbẹ̀ wa. Òtítọ́ ni pé àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ kú nígbà tí a bá sè é. Èrè rẹ̀ wà níbòmíràn: ibi tí irú bá ti dùn, iyọ̀ àti kúùbù inú bébà yóò dín kù. Gíráàmù 5 iyọ̀ ni Àjọ ìlera àgbáyé kò fẹ́ kí a kọjá lójúmọ́, ìyẹn kò ju ṣíbí kékeré kan lọ, kúùbù sì ti wà nínú ìṣirò náà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí gàárì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun kan náà tí mo dárúkọ lókè ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àìsàn iṣan tó ń mú àwọn tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ ju ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jinná. Gàárì tó kan dáadáa tí wọ́n yan gbẹ kò ní í ṣe yín ní nǹkan. Ṣùgbọ́n gàárì àti ṣúgà lásán lójoojúmọ́ kì í ṣe oúnjẹ òṣìṣẹ́. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ àti ẹja díẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Lójú ọ̀nà àti lẹ́nu iṣẹ́

Búrẹ́dì Agége ni ìgbéraga agbègbè wa, n kò sì ní í sọ pé kí ẹ kọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun funfun ni, òkúdùn rẹ̀ kéré, ó ń tètè sọ ara rẹ̀ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi jẹ ẹ́ ló máa pinnu. Bí ó bá jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ti fi ṣúgà jẹ ṣúgà. Ebi á tún pa yín kí ẹ tó dé Ìkẹjà, inú á sì máa bí yín sí kọ̀ńdọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà aganyin, ìdajì búrẹ́dì tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á tó. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ sè lálẹ́ Sátidé, tí ẹ kó sínú fíríìsà, á bá yín dé ọ̀sán Wẹ́sìdeè. Bí iná ọba kò bá dúró, ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí òtútù. Bọ́ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tó dára jù lójú títì Èkó.

Ẹni tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ni mo ń káàánú jù, nítorí àìsùn fúnra rẹ̀ ń koná mọ́ ara. Kí ẹ jẹ oúnjẹ gidi kí ẹ tó wọlé iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Lóru, ohun fúyẹ́: mọ́ínmọ́ín kan, èso, omi. Agége jẹ́ ilẹ̀ obì nígbà kan rí, obì sì ṣì wà lápò ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ àti òṣìṣẹ́. Èròjà kaféènì inú rẹ̀ kan náà ló wà nínú kọfí àti ọtí agbára inú agolo. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù, kó má gba oorun àárọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìnídìí yẹ kó fi í sílẹ̀ pátápátá. Páràgà tí wọ́n ń mu láti fi sùn, ẹ sá fún un: ọtí ń mú oorun wá, ó sì ń jí i gbé padà láàárín òru, ìbànújẹ́ ọjọ́ kejì á sì pọ̀ ju ti àná lọ.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má ṣe dá jẹun. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò dá ètò abúlé Àrò sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé, ẹbí kan sì ní láti bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, láti máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú náà di mímọ̀ káàkiri ayé. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kì í lágbára láti ṣa ẹ̀fọ́. Bí aládùúgbò yín kan ní Ọmọ́le bá ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ, kí ẹ sì jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo oògùn

Ẹ má ṣe torí oúnjẹ dá oògùn dúró. Ẹni tó ń lo lithium kò gbọdọ̀ dín iyọ̀ kù lójijì, nítorí bí iyọ̀ bá já wálẹ̀, oògùn náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè di májèlé. Kí dókítà mọ̀ kí ẹ tó yí ọbẹ̀ padà. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwọ̀n ẹ̀fọ́ rẹ̀ dọ́gba láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ìwọ̀n ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà inú orí yìí láìbi olùtọ́jú rẹ̀.

Ẹ fún oúnjẹ yìí ní ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sí i lálẹ́: bí oorun ṣe rí, bí ọkàn ṣe rí, ohun tí ẹ jẹ. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, kó má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ 12. Kó mú ìwé náà lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, èyí tó ti ń tọ́jú àwọn ará Èkó láti 1907. Bí ó bá ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ, kí ẹnì kan má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí wọ́n á fi débẹ̀.